Ilé Mẹ́rin tí Àmọ̀dá Kọ́

Ọdún mẹ́sàn-án ni Àmọ̀dá fi ṣe bíríkìlà ní Èkó kó tó padà sí Ọ̀tà ní 1934. Ilé òyìnbó ló ń bá wọn kọ́, ilé tí atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé fẹ́ jáde. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á padà sí yàrá kan tí òun àti ọkùnrin mẹ́fà jọ ń sùn. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro irú àdúgbò mìíràn.

Nígbà tó padà dé Ọ̀tà, lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsárì, ó fi ọ̀pá ya àdúgbò náà sórí iyẹ̀pẹ̀ fún Rùkáyátù ìyàwó rẹ̀: ogún ilé tó ga bákan náà, tí gbogbo wọn kọjú sí àgbàlá kan, láìsí ògiri láàárín. Mùsùlùmí, onígbàgbọ́, abọ̀rìṣà, wọn á jọ máa gbébẹ̀.

Rùkáyátù wò ó títí. "Bàbá Mùíbátù, ó dára. Níbo la ó ti máa dáná?"

Àmọ̀dá ò tiẹ̀ rántí ilé ìdáná.

"Ẹ fi sí àárín," obìnrin náà wí, "ká lè máa rójú ara wa."

Àmọ̀dá pa á rẹ́, ó tún un yà.

Bàbá Ògúndèyí, àgbẹ̀ tí ìdílé rẹ̀ ní ilẹ̀ lọ́nà Ìgbẹsà, ló fún un níbi tó máa kọ́ ọ sí. "N ò mọ̀ bóyá èèyàn lè gbé báyẹn," bàbá náà wí, "àmọ́ mo fẹ́ rí i."

Ọdún mẹ́ta, ilé mẹ́rin. Ìdílé mẹ́rin kó wọlé, ó sì tù wọ́n lára. Àfìgbà tí ewúrẹ́ jẹ aṣọ oníbàárà mọ́ Láwàlì, télọ̀ tó ń gbé ilé kẹta, lọ́wọ́. Nígbà tí Àmọ̀dá máa fi ti ibi iṣẹ́ dé, Láwàlì ti ń mọ ògiri síwájú ilé rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo ń dáàbò bò."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àmọ̀dá wọra. Ó fọwọ́ kan ògiri ọ̀hún, ògiri náà sì mì.

"Èyí á wó lu ọmọ ẹnìkan."

Ó ká apá aṣọ sókè. Àwọn méjèèjì wó o, wọ́n sì jọ tún un mọ, kò ga ju àyà lọ, kí ẹni tó bá dúró lè kí aládùúgbò rẹ̀. Àmọ̀dá fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ láàárín rẹ̀. Láwàlì ò bá a jiyàn.

Ilé karùn-ún kò dìde. Ogun àgbáyé dé, páànù wọ́n bí ojú. Ilé kejì ni Àmọ̀dá gbé títí ó fi kú ní 1956. Lọ́dún yẹn, ọmọ mẹ́rìnlá ló wà ní àgbàlá náà, àlejò kì í sì í mọ ẹni tó bí èwo.