Ẹ̀kọ Tí N Kò Fi Oyin Mu

Bàbá ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara wọn bu oyin sínú ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n gbé síwájú mi. Ọdún tí mo ṣègbéyàwó ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wọn ṣínu ààwẹ̀ ní Ìfọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́. Iyì ńlá ni wọ́n fi dá mi lọ́lá, torí bàbá fúnra wọn ló máa ń lọ mú oyin náà wá láti oko, wọn kì í sì í bù ú fún gbogbo ènìyàn.

Mo rọra ti abọ́ náà sẹ́yìn, mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, bàbá. N kì í jẹ oyin."

Ìyá ọkọ mi ní, "Àbí torí pé oko Ìfọ́n ló ti wá? Ọmọ Ìlọ́bù ò lè jẹ oyin wa?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọmọ Ìlọ́bù ni mí lóòótọ́, gbogbo wa la sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá sílẹ̀ láàrin ìlú méjèèjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn. Mo sọ fún wọn pé nígbà tí mo wà ní kékeré, mo tẹ̀lé àbúrò bàbá mi lọ sóko. Ó ki ìtùfù bọ inú ihò igi, àwọn kòkòrò oyin tí iná jó sì ń já bọ́ sẹ́sẹ̀ wa, òmíràn ń rìn láìní ìyẹ́ mọ́. Àwọn yòókù ń lá afárá, èmi ò lè lá a. Nígbà tí mo dàgbà, mo fi ẹran, ẹyin àti mílíìkì sílẹ̀, mo fi oyin náà kún un.

Bàbá ní, "Bí a ò bá fi iná lé wọn, wọ́n á ta wá pa."

"Òótọ́ ni, bàbá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi tiwọn sílẹ̀ fún wọn."

Bàbá gbé abọ́ náà, wọ́n mu ún tán, wọ́n ń wò mí lójú.

Nígbà tí a wọ yàrá, ọkọ mi bẹ̀ mí pé kí n máa tọ́ ọ wò díẹ̀ lójú bàbá. Mo ní rárá. Bí mo bá díbọ́n lẹ́ẹ̀kan, títí ayé ni màá máa díbọ́n nínú ilé yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Òṣogbo, mo ra dàbínù. N kò ra ṣúgà funfun, torí mo ti gbọ́ pé àwọn iléeṣẹ́ kan ń fi èédú egungun ẹran sẹ́ ẹ kó lè funfun. Mo bi obìnrin tó ń ta ṣúgà bóyá irú èyí ni tirẹ̀, ó ní bí n kò bá rà kí n kọjá. Mo rẹ dàbínù náà, mo yọ kóró rẹ̀, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi ki. Nígbà ìṣínu, mo gbé e síwájú mi, mo bù ú sínú ẹ̀kọ mi.

Àwọn àbúrò ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Oyin Ìlọ́bù nìyẹn."

Mo ní, "Òun náà ni," mo sì ń mu ẹ̀kọ mi lọ.

Títí ààwẹ̀ fi parí, bàbá ń jẹ́ mi lóhùn bí mo bá kí wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í wo ojú mi. N kò yé kúnlẹ̀, n kò sì jẹ oyin.

Lọ́dún tó kọjá ni mo bímọ. Bàbá gbé ìgò oyin wá fún ìsọmọlórúkọ. Mo pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́ mi, mo sì kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀. N kò fẹ́ kí a fi oyin kan ọmọ mi lẹ́nu."

"Agídí rẹ yìí pọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n gbé ìgò náà sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri níta, wọ́n fi ẹ̀wù nu ọwọ́, wọ́n sì na ọwọ́ náà kí n gbé ọmọ fún wọn.