Ìbejì Mi, Iléèwé Méjì

Ìbejì ni mo bí, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Èyí tó kọ́kọ́ dé ni àbúrò, èyí tó kẹ́yìn dé ni ẹ̀gbọ́n, bí àwa Yorùbá ṣe ń kà á, àwọn aládùúgbò wa ní Nima, nílùú Accra ní Ghana, kò sì yéé fi ìyẹn ṣe wá yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n yìí ni ìwé ò gbọ́ tirẹ̀. Kì í ṣe olódo o. Bó bá bá mi dúró ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta báàgì ní Lapaz, á rántí oníbàárà tó wá lọ́dún tó kọjá, á rántí àwọ̀ báàgì tó rà. Ṣùgbọ́n bó bá ṣíwèé, lẹ́tà á máa sá fún un. Olùkọ́ kan ló sọ fún mi pé dísílẹ́síà ni wọ́n ń pè é, pé ọpọlọ ọmọ náà pé pérépéré. Kó tó sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti pè é ní ọ̀lẹ títí ó fi sú mi.

Àbúrò rẹ̀ ló ń kàwé fún un. Nínú ọkọ̀ trotro pàápàá, bí ọkọ̀ bá ti gbéra, á máa ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀bù sí i létí: ẹni tó ń dirun, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ìjọ tuntun. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù Accra lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ parí JHS, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, a ní láti mú iléèwé girama àgbà. Ó pẹ́ tí àbúrò ti mú tirẹ̀: iléèwé obìnrin kan tó jìnnà sí Accra, tí àwọn ọmọ ń gbé nínú ọgbà. Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ti ní kí káfíńtà bá wa kan chop box méjì, àpótí onípákó tí àwọn ọmọ fi ń kó oúnjẹ lọ síléèwé. Ọ̀kan ò ga ju èkejì lọ, nítorí ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan nínú ìbejì la gbọ́dọ̀ ṣe fún èkejì.

Mo mú ẹ̀gbọ́n lọ wo iléèwé náà. Obìnrin tó gbà wá lálejò ò burú rárá, ó tilẹ̀ fún wa lómi tútù. Mo ṣàlàyé ọmọ mi fún un.

"Madam, kíláàsì wa kún paa," ó ní. "Bí olùkọ́ bá kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù, kò pẹ́ tó fi ń pa á rẹ́. Ta ló máa dúró dè é?"

Bàtà ara rẹ̀ ni ọmọ mi ń wò.

Ní Lapaz, mo rí iléèwé kékeré kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lókè àwọn tó ń ta táyà. Olùkọ́ ibẹ̀ máa ń ka ìbéèrè sókè fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, á sì jẹ́ kó fẹnu dáhùn. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ibẹ̀ ni ọmọ mi máa lọ, inú mi sì bàjẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

"O fẹ́ ya ìbejì?" Ìyá ọkọ mi bú sẹ́kún. "Níbo lo ti rí i?"

"Màámi, ṣé kí n wá mú un lọ síbi tí wọ́n á ti máa fi í ṣẹ̀sín, torí pé wọ́n jọ wáyé?"

Ọkọ mi dìde, ó jáde lọ, bó ṣe máa ń ṣe bí èmi àti ìyá rẹ̀ bá ń fa ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí àbúrò ń lọ, ẹ̀gbọ́n ló bá a to gaàrí àti ata shito sínú àpótí. Àpótí kejì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òfìfo, ó ṣì ń rùn fún ọ̀dà. Ìyá ọkọ mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan sínú rẹ̀.

Nígbà tí iléèwé àbúrò gbà wá láàyè láti wá kí àwọn ọmọ, èmi àti ẹ̀gbọ́n la lọ. A gbé jollof àti ẹja díndín dání. Àbúrò sáré pàdé wa, àwọn méjèèjì dì mọ́ra, wọn ò fẹ́ fira wọn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti yọ sí wa. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

"Ei! Ìbejì rẹ tó wà ní Nigeria nìyí! O ò sọ fún wa pé ó ń bọ̀."

Mo wo àbúrò. Kò lè wojú mi. Ohun tó ti sọ fún wọn nìyẹn, pé Nigeria ni èkejì òun ti ń kàwé. Inú bí mi, mo ti fẹ́ la ẹnu, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ti rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Kò tíì pẹ́ tí mo dé. Mo máa tó padà."

Ọ̀rẹ́ náà bi í bí Lagos ṣe rí. Ọmọ tí kò dé Lagos rí! Ó ní ó gbóná.

Nígbà tí a ń padà, mo sọ nínú ọkọ̀ pé n ó bá àbúrò wí dáadáa lọ́jọ́ tó bá wálé.

"Ẹ má bá a wí, màámi," ó ní. "Ó pẹ́ tó ti ń bò mí láṣìírí."

Ó kọjú sí fèrèsé. Ṣọ́ọ̀bù ń kọjá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Mo rọra bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára fún un, ẹni tó ń dirun, ẹni tó ń ta símẹ́ńtì. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

"Ẹ fi sílẹ̀, màámi. Òun ló máa ń kà á fún mi."