Àmín Tí Mo Ṣe Ní Mafoluku

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè lónìí kí n sọ ohun tójú mi rí ní Mafoluku. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn kan nínú yín máa rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ka ìdajì rẹ̀, mo mọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, kí n tó mọ ohun tó ń lọ.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní òdìkejì ààlà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Yorùbá ni mí o! Yorùbá ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ní Èkó, tí mo bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n á ní, "Háà, ará Kútọnu!" Mi ò gbé Kútọnu rí láyé mi. Mo ṣàlàyé títí, ó sú mi. Nínú ilé tí a gbé, Ìyá Kútọnu ni wọ́n ń pè mí, Filisite ọmọ mi sì di Ọmọ Kútọnu. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ojú ọ̀nà ló máa ń wà jù. Èmi ń rán kọ́tìnì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òṣòdì.

Mọ́mì Ayọ̀ ló ni ilé náà. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Ọjọ́ tí a kó dé, ọbẹ̀ wọn la kọ́kọ́ jẹ. Èmi náà rán kọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan sí pálọ̀ wọn, mi ò gba kọ́bọ̀, wọ́n sì ń fi han gbogbo àlejò.

Gbogbo wa nínú ilé yẹn là ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ, tí a bá sì ti wọ sùtánà, a kì í wọ bàtà. Ní ìdájí ọjọ́ Sunday, èmi àti Filisite á jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, a ó máa fo kòtò omi lọ. Tí a bá ń bọ̀, mo máa ń gbé ike omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí dání. Ṣé ìyẹn pa ẹnikẹ́ni lára ni?

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, gbogbo ayálégbé máa ń pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní kùtùkùtù fún àdúrà ilé. Mọ́mì Ayọ̀ ló ń darí rẹ̀. Mo fẹ́ràn àdúrà yẹn gan-an! Tó bá ti di pé ká ṣe àmín, ohùn tèmi ló máa ń ga jù.

Nígbà tó yá, ara Ìbùkún kò yá mọ́. Ọmọ ọwọ́ ni, yàrá òun àti ìyá rẹ̀ dojú kọ tiwa. Ara rẹ̀ á gbóná, á balẹ̀, á tún gbóná. Bí ọmọ yẹn ṣe ń rù, bẹ́ẹ̀ ni àdúrà ilé ń le sí i.

Mọ́mì Ayọ̀ ní ká bẹ Ọlọ́run kó tú àṣírí àjèjì tó wà láàárín wa. Mo ṣe àmín. Nígbà tí oṣù mìíràn dé, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá sọdá ààlà wá láti wá mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, kí ilẹ̀ yìí má gbà á. Mo ṣe àmín! Mo tún fi ẹsẹ̀ janlẹ̀! Èmi rò pé ẹ̀mí àìrí ni wọ́n ń bá wí. Mo rí i tí àwọn kan ń wo ara wọn, mo ní bóyá ohùn mi ló ń wù wọ́n. Ẹ ò rí ayé mi lóde?

Àwọn nǹkan míì náà ń ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá òróró lára ilẹ̀kùn wa, ó ń ṣàn bọ̀ nílẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run bùkún ẹni tó rántí wa. Pọ́fùpọ́ọ̀fù tí Filisite pín fún àwọn ọmọ ilé, inú gọ́tà ni mo ti rí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, tí mo bá kọ́tìnì aláwọ̀ ewé yẹn lẹ́nu ọ̀nà wa, tí wọ́n ti fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ká a dáadáa, àyà mi já.

Filisite ló là mí lójú. Mò ń ya irun rẹ̀ ló bi mí pé ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn má wọ bàtà. Mo ní rárá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní àwọn ọmọ ilé sọ pé àwa ni wọ́n ń gbàdúrà lé lórí.

"Màmá, àmín tí ẹ máa ń ṣe yẹn, ara wa lẹ̀ ń ṣe é sí."

Òòyà já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wá ń rántí àwọn àdúrà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àjèjì. Ẹni tó sọdá ààlà. Ah! Èmi ni o! Èmi ni mo ń pariwo àmín sí èpè ara mi àti ti ọmọ mi!

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Tí mi ò bá lọ síbẹ̀ mọ́, wọ́n á ní iná àdúrà ń jó mi. Tí mo bá lọ tí mo dákẹ́, ẹ̀rí nìyẹn náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òṣòdì, ẹ mọ ohun tí ariwo kan lè dá sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá pè ní ọ̀daràn, pàápàá àlejò tí kò ní ẹbí nítòsí. Ẹ̀rù bà mí dénú egungun. Mo pe bàbá Filisite lórí fóònù, ó ní ká ní sùúrù títí òun á fi dé. Nígbà tí Sátidé àdúrà dé, tí Mọ́mì Ayọ̀ wá mẹ́nu kan ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà tó ń tẹ ilẹ̀ wọn ní ìdájí, orúkọ Jésù ni mo ń pè wúyẹ́wúyẹ́ níbi tí àwọn yòókù ti ń ṣe àmín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sí iná ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbé iṣẹ́ wálé. Èmi àti ìyá Ìbùkún nìkan ló wà nílé. Àfi bí mo ṣe gbọ́ igbe! Mo sáré jáde. Gìrì ti mú ọmọ náà, ojú rẹ̀ ti yí padà.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ẹ má bú mi. Tí mo bá fọwọ́ kàn án, tó bá kú sí mi lọ́wọ́, ta ló máa gbà mí? Tí mi ò bá sì fọwọ́ kàn án, tó bá kú, èmi náà ṣì ni. Ìyá Ìbùkún gbójú sókè, ó wò mí.

"Ìyá Filisite, ẹ gbà mí!"

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yẹn, ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo gba ọmọ náà, a sáré bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ọsibítù. Ìyá rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ mi mú títí a fi débẹ̀. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ìbẹ̀rù ló jẹ́ kó dì mí mú, àbí kò fẹ́ kí n ráyè sá lọ. Dókítà ní ibà ló ti wọ ọmọ náà lára jù. Wọ́n fa omi sí i, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tó ké lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi náà bú sẹ́kún.

Mo rò pé ó parí nìyẹn. Ṣé ẹ̀yin náà kò ní rò bẹ́ẹ̀?

Sátidé àkọ́kọ́ tún dé, a péjọ. Ìbùkún wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ara rẹ̀ ti le. Mọ́mì Ayọ̀ gbọ́wọ́ sókè, omijé ń bọ́ lójú wọn.

"Ẹ bá mi dúpẹ́! Ọwọ́ tó di ọmọ yìí, Ọlọ́run ti fi tipátipá mú un tú u!"

Ilé mì tìtì fún àmín. Mo wo ìyá Ìbùkún. Ó gbójú sílẹ̀, ó sì ṣe àmín.

Mọ́mì Ayọ̀ kò tíì parí. Wọ́n ní ọwọ́ yẹn náà, kí Sátidé mìíràn má bá a nínú ilé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó fèsì. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Àmín tèmi ni wọ́n ń retí! Filisite di ọwọ́ mi mú ṣinṣin.

Mo ṣe é. Mo ṣe àmín kíkankíkan, bíi ti àtijọ́. Nínú gbogbo àdúrà tí mo bá wọn gbà nínú ilé yẹn, èyí nìkan ni mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí kí n tó ṣe àmín sí i. Ọlọ́run sì gbọ́ ọ. Kí Sátidé mìíràn tó pé, a ti kó lọ sí apá Èjìgbò, lójú ọ̀nà Ailegun. Mo fi kọ́tìnì aláwọ̀ ewé yẹn sí fèrèsé wa níbẹ̀.

Lánàá, obìnrin kan nínú ilé tuntun yìí wá kí wa káàbọ̀. Ó gbé ọbẹ̀ dání. Ó ṣe dáadáa sí wa gan-an. Bó ṣe ń lọ ló ní òun fẹ́ẹ̀ gbàgbé, pé gbogbo ilé máa ń gbàdúrà pọ̀ lóṣooṣù, kí n má pẹ́ dé o. Filisite gbójú sókè, ó wò mí. Mo ní mo gbọ́, mo dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò níbi tí ẹ wà, ẹ máa fetí sí ohun tí ẹ̀ ń ṣe àmín sí. Ẹ má sì dá nìkan wà, ẹ wá ẹni tí ẹ lè pè. Ẹ̀yin onílé náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ní kí Ọlọ́run lé ẹnì kan jáde, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó dúró tì yín.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì rí, pé wọ́n gbàdúrà lé yín lórí níṣojú yín? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi, mò ń kà á. Sátidé àkọ́kọ́ ti ń bọ̀ o.