Táwẹ̀lì Tó Kan Ilẹ̀

Títí dòní, bí táwẹ̀lì bá bọ́ lọ́wọ́ mi, mo máa ń fọwọ́ bo etí mi kí n tó rántí pé ọ̀gá mi ti kú.

Ọmọ Kàbà ni wọ́n. Galadimawa ni wọ́n ti kọ́ mi níṣẹ́ fífọ mọ́tò àti dídán an. Táwẹ̀lì tó bá ti kan ilẹ̀, òkú ni lójú wọn.

"Yanrìn ti wọnú ẹ̀! Ṣé o fẹ́ fi ha ọ̀dà mọ́tò onímọ́tò ni?"

Wọn á fà á ya, ìgbájú á sì tẹ̀ lé e. Mo kórìíra ọwọ́ wọn, àmọ́ mọ́tò tí wọ́n bá dán, o lè fi wojú.

Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, dẹ́rẹ́bà kan fi aṣọ gbígbẹ nu eruku lára mọ́tò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dán tán. Ọ̀gá mi fọ́ ọ létí. Dẹ́rẹ́bà náà fa sípánà yọ, ó là á mọ́ wọn lórí. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú wọn, táwẹ̀lì ọwọ́ wọn sì bọ́ sílẹ̀.

Mo sáré mú un kí n fi di ojú egbò náà. Ìgbájú ni mo gbà.

"Kai! Ìyẹn ti kú. Mú òmíràn wá!"

Mo mú òmíràn wá. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n kọ́kọ́ fi nu ẹ̀jẹ̀ wọn kúrò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn yẹ̀, wọ́n sọ táwẹ̀lì náà sórí mọ́tò kó má baà kan ilẹ̀.

Àwọn ni wọ́n kan ilẹ̀. Wọn ò dìde mọ́.