Ẹnu Àgbà Tí Ọmọ Mi Ń Wò

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, etí ni a fi ń mú ọmọ wọ ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ òbí kò ní ìwé-ẹ̀rí ìbí, nítorí náà ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó ọmọ ilé-ìwé nìyẹn. Mo wà lára àwọn olùkọ́ tó jókòó sídìí tábìlì ní Àgọ́-Ìwòyè lọ́jọ́ tó kan àkọ́bí mi obìnrin. Ó wo ọmọ tó wà níwájú rẹ̀, ó ṣe bí onítọ̀hún ti ṣe, ìka rẹ̀ kan etí, a sì gbà á wọlé. Kò sí ẹni tó bèèrè bóyá etí náà ń gbọ́ràn.

Kí ọjọ́ náà tó dé, a ti gbé ní Efire, létí ọ̀sà, níbi tí wọ́n gbé mi lọ láti kọ́ àwọn ọmọ apẹja. Ibẹ̀ ni ibà kan ti mú un. Ara rẹ̀ gbóná, ọrùn rẹ̀ gan bí igi, kò sì mọ ẹni tó gbé e sọ́wọ́. Nígbà tí ó gbádùn, inú wa dùn débi pé a kò ka nǹkan mìíràn sí. Ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa ni, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó kàn dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà kí ẹnikẹ́ni tó rán an létí, kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Nígbà tí a padà sí ilé ọkọ mi ní Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí mo ti ń lọ kọ́ni ní Àgọ́-Ìwòyè tó wà nítòsí, àwọn ará ilé ń yìn ín: "Ọmọ tíṣà! Ẹ wo ẹ̀kọ́ ilé!"

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí wọn nínú. Ó máa ń tẹjú mọ́ àgbà lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílẹ̀ wa mọ ohun tí mo ń wí. Bí àgbà bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni ọmọ ń wò. Èyí tó gbójú sókè, ìjà ló ń wá; èyí tó wá ń wo ẹnu, ó dà bí ẹni tó ń fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Èdè Ìjẹ̀bú ni ó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́ bí a ti ń kọ ọ́ sínú ìwé, kí gbogbo yín lè rí i kà.

"Ìyàwó, kí ni ọmọ rẹ ń wá lẹ́nu mi? Ṣé mo kó ẹran rẹ̀ jẹ ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Kò mọ̀ ọ́n ṣe ni."

"Kọ́ ọ kó mọ̀ ọ́n ṣe. Eyín mélòó ló kù fún mi tí yóò máa kà á mọ́ mi lẹ́nu?"

Ó ń ṣàwàdà, kò sì ṣàwàdà. Ní ilé-ìwé, kò sí àwàdà nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí pàṣán kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Á na ọmọ náà, á ní kó wo ilẹ̀. Bó bá sì ti wo ilẹ̀, kì í lè dáhùn ìbéèrè kankan mọ́. Nígbà tí sáà parí, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé pè mí sí ọ́fíìsì.

"Tíṣà, ọmọ yín kò gba ẹ̀kọ́, ó sì ń yájú. Bí sáà tó ń bọ̀ bá tún rí báyìí, ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Àwọn tó ń wá àyè pọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Mo délé, mo bá ọmọ mi níbi tó ti ń gbálẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo pè é. Kò yíjú. Mo gbóhùn sókè pè é, ó ń gbálẹ̀ lọ. Mo ju ìdérí ìkòkò sílẹ̀. Ó yíjú nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Ẹsẹ̀ ló fi mọ̀ pé nǹkan já lulẹ̀.

Ọkọ mi wà ní Sàpẹ́lẹ́ nídìí iṣẹ́ igi gẹdú. Bí mo bá ní kí n dúró dè é, sáà á ti wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí mo bá rí. Ẹnìkan ní kí n kán omi ìgbín sí i létí. Òmíràn ní àdí gbígbóná. Ìyá ọkọ mi mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún un tọkàntọkàn, wọ́n sì ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn fúngbà díẹ̀. Ọmọ Áńgílíkà ni mí, èmi náà ń gbàdúrà, n kò sì kẹ́gàn tiwọn. Mo dúpẹ́, mo sì mú ọmọ mi padà sílé. Nọ́ọ̀sì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló wá sọ ohun tí mo lè dì mú: kí n má ṣe da ohunkóhun sí etí ọmọ, kí n sì gba Ìbàdàn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe níbí. Odi ni ọ̀pọ̀ àwọn tí mo bèèrè lọ́wọ́ wọn ń pe ọmọ mi. Adití kì í ṣe odi. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni odi. Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀, ó sì ń kọrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn orin náà ti ń ṣìnà díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń lọ sí Ìbàdàn, ọkọ̀ wa dúró ní Mamu kí ẹ́ńjìnnì lè tutù. N kò lè jókòó. Mo yí ọkọ̀ náà ká, mo tún yí i ká, títí awakọ̀ fi ní, "Ìyáàfin, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ tì í dé Ìbàdàn ni?" Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì tún yí i ká.

Ní ilé-ìwòsàn ní Ìbàdàn, dókítà yẹ etí ọmọ mi wò. Ó ní ibà yẹn ti ba ohun tó ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ jẹ́: etí ọ̀tún ti lọ, ti òsì ń gbọ́ díẹ̀. Kò sí oògùn rẹ̀.

"Kí ni kí n wá ṣe, dókítà?"

Ó nawọ́ sí yàrá kan lápá ìsàlẹ̀. Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ adití nínú ìlú ló wà níbẹ̀. N kò mọ̀ rí pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ó fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu rẹ̀, ó bi ọmọ mi pé, "Kí lo jẹ láàárọ̀?" Ọmọ mi kò dáhùn. Ó gbé abẹ̀bẹ̀ kúrò, ó tún bi í. Ohùn rẹ̀ kò ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Òjòjò," ni ọmọ mi wí. "Méjì ni. Ọ̀kan já bọ́ nínú ọkọ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ojú ló fi ń gbọ́. Òun ló kọ́ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa wo ẹnu yín. Ẹ máa jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti kàn yín lójú. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ariwo a máa da ẹnu rú."

"Ìwà àfojúdi ni wọ́n kà á sí lọ́dọ̀ wa."

"Ṣé Òyìnbó lẹ fi mí pè ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kà á sí lọ́dọ̀ tèmi. Ẹ mú ọ̀kan: kó wo ilẹ̀ kó má gbọ́, tàbí kó wo ẹnu kó gbọ́."

Ó ní bí ilé-ìwé wa bá kọ̀ ọ́, kí n mú un wá sí tiwọn. Àwọn ọmọ ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ń tọ́jú wọn dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì lè di gèlè ara rẹ̀ ni mo máa fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn, bí mo bá kùnà ní Àgọ́-Ìwòyè.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọkọ mi. Ó gbé àpótí rẹ̀ síta síbi tí oòrùn wà, ó fi ọwọ́ pe ọmọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀, ojú sí ojú. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ó ní, "Ó tó ìgbà wo tí ọmọ yìí ti ń wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, tí mò ń lé e?" Ó nu ojú. "Ta ló ní kó máa wo ilẹ̀ nílé-ìwé?"

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a wọlé, ó tẹ̀ lé wa. Ọ̀gá àgbà dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Ọmọ mi, ṣé mo jù ọ́ lọ?"

"Áà, Màmá! Ẹ lè bí mi."

"Èmi tí mo lè bí ọ, ó ń wò mí lẹ́nu, n kò kú. Kí ló wà lẹ́nu ẹ̀yin tíṣà tí kò gbọdọ̀ rí? Àbí ẹ kì í rin ẹnu láàárọ̀ ni?"

Ọ̀gá àgbà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Màmá, àwọn yòókù ńkọ́? Gbogbo wọn ni yóò máa wò wá lẹ́nu."

"Wọ́n á tètè mọ̀wé nìyẹn."

Ọ̀gá àgbà gbà kí ọmọ náà jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú títí di ìdánwò. Kò ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ògiri tó wà láàárín kíláàsì mi àti tirẹ̀ kò ga dé òkè. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ọkàn mi wà ní òdì kejì. Mo gbọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àpèkọ. Ó pe gbólóhùn kan. Bí ó ti ń pe èkejì, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti kọjú sí pátákó.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ kọjú sí mi!"

Ohùn ọmọ mi ni. Ó ga ju bó ti yẹ lọ, nítorí kò gbọ́ bó ti ga tó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi yíjú sí ògiri. Ṣọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ mi. Mo ń retí pàṣán, mo sì ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Mo gbọ́ tí bàtà yí padà lórí sìmẹ́ńtì. Olùkọ́ náà ti kọjú sí i. Lẹ́yìn náà ó pe gbólóhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Mo gbé ẹsẹ̀ mi padà, ṣùgbọ́n n kò jókòó títí agogo fi lù.