Ààlè Lórí Fíìmù Ọmọ Mi

Òkú ni mo ṣe nínú fíìmù ọmọ mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé gbajúmọ̀ òṣèré ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ọba tó wàjà ni mo jẹ́. Wọ́n tẹ́ mi sórí ibùsùn nínú ilé wa ní Odigbo, wọ́n fi aṣọ funfun bò mí dé àyà, ọmọ mi sì kìlọ̀ fún mi pé, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mí." Mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé ikùn ọba ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí àwọn olorì bẹ̀rẹ̀ ẹkún, eṣinṣin kan bà lé imú kábíyèsí, imú náà sì gbọ̀n.

"Gbogbo ìwé tí ẹ kà ní yunifásítì," ni ìyàwó mi wí nígbà tó rí i, "òkú náà ni wọ́n fi ṣe."

Àbígbẹ̀yìn wa ló ya fíìmù náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fọ́n ká sí òkè òkun. Ojú fóònù la ti ń rí wọn, wọ́n á ní kí a sún mọ́ iná kí àwọn lè rí ojú wa. Òun nìkan ló kù nítòsí. Ó gba yàrá kan ní Ore, lẹ́bàá títì márosẹ̀ níbi tí ariwo ọkọ̀ kì í dá, ibẹ̀ ló ti ń to àwòrán pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Tó bá di Sátidé, á gun ọ̀kadà wá sílé, á jókòó sórí àga onígi tó ti jẹ́ tirẹ̀ láti kékeré, á jẹ ẹ̀bà ìyá rẹ̀, á sì máa rojọ́ títí ilé á fi kún. Tó bá ti padà, èmi àti ìyá rẹ̀ á máa wo ara wa bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ mọ́ lójú.

Ìkálẹ̀, èdè àgbègbè wa, ni wọ́n sọ nínú fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó gbà á, wọ́n gbé e sí ojúlé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ wò ó á ti san owó táṣẹ́rẹ́. Àdéhùn wọn kò lọ́jú pọ̀. Bí àwọn tó wò ó níbẹ̀ bá pọ̀, wọ́n á jẹ́ kó ya ìkejì. Bí wọn kò bá pọ̀, ó tán nìyẹn. Ọmọ mi sì ti sọ fún wa, inú àwo ọbẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, pé bó bá tán, òun á ta kámẹ́rà òun, òun á sì lọ gba iṣẹ́ ọ́fíìsì kan tí wọ́n fi lọ òun ní Àbújá.

"Àbújá náà kò jìnnà," ni mo wí.

Ìyàwó mi wò mí. "Ẹ̀yin tí ẹ kẹ́kọ̀ọ́ jọ́gíráfì."

Kò pẹ́ tí fíìmù náà jáde, ọ̀rẹ́ mi kan wọlé tọ̀ wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Àgbẹ̀ ni, ó ń dá oko kòkó àti ọ̀pẹ ní Ago Alaye, ìjọ Aládùúrà kan náà la sì jọ ń lọ. Aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló fi wọlé. Ó dì mọ́ mi.

"Tíṣà! A ti rí ọ! O kú dáadáa!"

Mo ní, "O ṣé."

"Gbogbo Ago Alaye ló wò ó! A so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, a jókòó lọ bí ọjọ́ ìkórè. Ewúrẹ́ mi ńkọ́? Ṣé o rí bó ṣe rìn kọjá níwájú ààfin? Bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́!"

Ó yẹ kí n ti sọ pé ewúrẹ́ ọ̀rẹ́ mi wà nínú fíìmù náà. Bí ènìyàn bá sín lásìkò yẹn, kò ní rí i, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Inú mi dùn. Gbogbo Ago Alaye! Mo rí i tí Àbújá ń jìnnà sí wa. Mo pe ọmọ mi lójú ẹsẹ̀, mo fi ìròyìn náà dá a lára yá. Ó lọ yẹ iye àwọn tó ti wò ó wò.

"Dádì, láti àná, kò sí ẹni tó wò ó àfi ẹ̀yin."

Mo yíjú sí ọ̀rẹ́ mi. Mo ní kó fi ibi tó ti wò ó hàn mí. Ó yọ fóònù jáde tayọ̀tayọ̀. Àwọn kan ti jí fíìmù ọmọ mi gbé, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí ojúlé tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpolówó pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pàápàá ti obìnrin kan tí aṣọ rẹ̀ kò tó, ọ̀rẹ́ mi sì fi àtàǹpàkò bò ó mọ́lẹ̀ bí Aládùúrà rere, kí ojú wa lè wà lára òkú mi.

"Ta ló fún ọ láṣẹ láti wò ó níbí?" ni mo bi í.

"Àṣẹ wo? Ṣé ewúrẹ́ mi kò sí nínú rẹ̀ ni?"

"Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní kọ́píráìtì. Ẹni tó bá fi ọpọlọ rẹ̀ ṣe nǹkan, òun ló ń pàṣẹ ẹni tó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti lè fi hàn. Ẹni tó gbé e síbí, olè ni. Òun ni òfin ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jẹun nínú àwo olè—"

"Tíṣà, ìwọ kò ka ìwé òfin. Òkè àti odò ni o kà."

"Òfin náà wà bí òkè ṣe wà."

"Ó dáa. Bí ebi bá ń pa ènìyàn nínú oko olóko, ṣé kò lè ká ìbẹ́pẹ kí ó jẹ ẹ́ lábẹ́ igi?"

"Ó lè jẹ ẹ́."

"Kí ni kò gbọdọ̀ ṣe?"

"Kò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé."

"Mo wò ó tán, mo pa fóònù." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi. "Kí ni mo gbé lọ sílé?"

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń fọ eyín, ni ìdáhùn tó yẹ wá sí mi lọ́kàn, pé gbogbo abúlé kò lè péjọ sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ kan kí wọ́n ní ebi ló ń pa àwọn. Ìyàwó mi nìkan ló wà nítòsí, òun ni mo sọ ọ́ fún, pẹ̀lú ìfófó ọṣẹ lẹ́nu.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí sinimá ayé ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Ọkọ̀ á wá sí pápá ilé ìwé, wọ́n á ta aṣọ funfun gbàgàdà kan. Àwọn tí kò sanwó á lọ jókòó sí ẹ̀yìn aṣọ náà. Àwòrán kan náà ni wọ́n ń rí, àfi pé gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ń fi ọwọ́ òsì jẹun. Bàbá tó ni ẹ̀rọ á tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú, á ní, "Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn aṣọ, ẹ ń pa mí o!" Ojú á ti àwọn mìíràn, wọ́n á dìde. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan ti fún mi ní ẹ̀pà sísè jẹ lọ́jọ́ kan. N kò rántí ohun tí a wò, àmọ́ mo rántí pé ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Òun náà ló ń fi jọ́gíráfì bú mi báyìí. Ohun tí mo ń rò ni pé bàbá ìgbà yẹn ń rí ojú àwọn tó ń pa á. Kò sí tọ́ọ̀ṣì tí ọmọ mi lè tàn dé ẹ̀yìn aṣọ tirẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ sí oko rẹ̀. Lójú ọ̀nà, a bá eyìn ọ̀pẹ tí wọ́n kó jọ sẹ́bàá igbó, ìdì gíríwo gíríwo, ó pọ́n rẹ́rẹ́, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Igi kékeré kan ni wọ́n rì mọ́ ọn, wọ́n so ìkarahun ìgbín tó fọ́ àti àkísà pupa mọ́ igi náà. Ààlè nìyẹn, ìkìlọ̀ pé nǹkan náà lólóhun, pé ohun tó ṣe ìgbín yìí lè ṣe ẹni tó bá mú un. Ọ̀rẹ́ mi kò kàn rọra kọjá. Ó bọ́ sí òdìkejì ọ̀nà, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè kó má baà kan koríko ibẹ̀.

"Aládùúrà ni ọ́," ni mo wí.

"Ṣé Aládùúrà kò ní inú tó lè wú ni?"

Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ìjọba àpapọ̀ ń sá fún ìkarahun ìgbín.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ mi ní Sátidé, ó rẹ́rìn-ín títí òkèlè fi jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà dá. Ó ní, "Dádì, ẹ tún un sọ."

Kí oúnjẹ tó tutù, kámẹ́rà ti wà nílẹ̀. A wá ìkarahun ìgbín, àkísà pupa, ṣáṣá ọwọ̀ àti ẹsẹ̀ sálúbàtà kan.

Ìyàwó mi ní, "Ààlè? Nínú ilé Aládùúrà?"

"Àwòrán lásán ni, Mọ́mì," ni ọmọ wa wí.

"Àwòrán lásán náà kọ́ ni wọ́n ń jí?" Ó wọ ilé ìdáná lọ pẹ̀lú ìbínú. Kò pẹ́ tó fi yọjú padà, ó wo kókó tí mo ta, ó pòṣé. "Bí wọ́n ṣe ń so ó kọ́ nìyẹn. Ẹ kúrò níbẹ̀." Ó tú u, ó sì fúnra rẹ̀ tún un so mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn ọba.

Mo tún kú. Lọ́tẹ̀ yìí, mo la ojú sílẹ̀, mo dìde jókòó díẹ̀díẹ̀, mo ní: "Mo ti kú, ṣùgbọ́n mo ń rí yín. Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kú àbọ̀. Ẹni tó gba ojú fèrèsé, wo ohun tí a so síbẹ̀." Kámẹ́rà wá sún mọ́ ìkarahun ìgbín náà, ó sì dúró síbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Èkó fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà. Àwọn olè tún jí i, tààlètààlè. Olè kì í tú ẹrù wò kó tó gbé e.

Kò pẹ́ tí ọ̀kadà kan fi já ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́sàn-án gangan, ewúrẹ́ rẹ̀ wà láàárín òun àti ọlọ́kadà. Ojú ewúrẹ́ náà rọ.

"Tíṣà, ká a kúrò."

"Kí ni?"

"Ààlè rẹ! Mo wò ó lánàá, fóònù mi gbóná bí ààrò, ó sì ń gbọ̀n. Wọ́n fi pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti kó àrùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́."

"Ta ní kí o tún lọ wò ó?"

"Wọ́n ní o jí dìde! Ṣé kí n má wo àjíǹde ọ̀rẹ́ mi?"

Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn olè ló ń kọ nǹkan pupa yẹn síbẹ̀, kí ènìyàn lè fi ìbẹ̀rù tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì lè jí ohun tó wà nínú fóònù tirẹ̀ náà.

"Ewúrẹ́ ńkọ́? Òun náà tẹ̀ ẹ́?"

Mo bi í ohun tí ewúrẹ́ jẹ. Ó ní èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ni. Mo ní ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ó ní kò yé mi rárá, pé láti ọdún tó pẹ́ ni ewúrẹ́ òun ti ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́, kò sì tíì wo ààlè rí. Mo sọ òtítọ́ fún un títí ó fi sú mi. Nígbà tó bi mí ohun tí òun á ṣe, mo ní, "Ọmọ mi ló ni fíìmù. Gba ẹnu ọ̀nà."

Ó gba ẹnu ọ̀nà, ó sanwó lójúlé Èkó. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe ẹni tó ń dá nǹkan ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú, ó dìde láti jẹ́rìí. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó so ewúrẹ́ mọ́ òpó agogo níta, ewúrẹ́ tó ti sàn, tó ń han bí ẹni pé òun náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Nígbà tó jókòó, kò sí ẹni tó kọ "Halelúyà." Ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń fi ha ilẹ̀.

Wòlíì di ojú. Ó ní kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn gbé fóònù rẹ̀ sókè fún ìwẹ̀nùmọ́. Ọ̀kan lọ sókè, òmíràn tẹ̀lé e. Ká tó ṣẹ́jú, ọwọ́ ti kún òkè bí àbẹ́là ọjọ́ ìkórè, títí dé ti àwọn akọrin. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n omi àdúrà, màmá kan pariwo pé, "Wòlíì, ẹ rọra o! Tèmi kì í fẹ́ omi!"

Lẹ́yìn ìsìn, Wòlíì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń wí yẹn, báwo lẹ ṣe ń débẹ̀? Ẹnìkan nínú ilé mi ló ń béèrè."

Mo fi hàn án. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà títí ebi fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí, tí mo ń fi ẹnu ọ̀nà han àwọn ènìyàn. Ọ̀rẹ́ mi dúró tì mí, ó ń sọ fún oníkálukú ibi tí ewúrẹ́ òun ti máa kọjá, kí wọ́n má baà sín lásìkò náà.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn ará ìjọ wa ní ẹbí ní Òkìtìpupa àti ní Èkó, ẹ̀rù sì máa ń rìn ju ọ̀kadà lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ mi dé, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Wọ́n ní kí n ya ìkejì."

Ìyá rẹ̀ ní, "Ó dáa," ó sì yíjú sí ìkòkò, ó ń ro ọbẹ̀ tó ti jinná tipẹ́. Èmi bi í bóyá ìkejì náà ní òkú nínú. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ipò mi kò yẹ̀.

Nígbà tó ti padà sí Ore, mo fẹ́ sún àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí n lè gbálẹ̀. Nǹkan kan dún lábẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ba, mo wò ó: ìkarahun ìgbín tó fọ́ àti àkísà pupa, wọ́n so wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ àga náà. Kókó rẹ̀ dára. Kì í ṣe irú tèmi.

N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rọra dá àga náà padà sí àyè rẹ̀, mo sì gbá ilẹ̀ yí i ká.