Ìbídùn, Ọmọ Òṣómàáló Tí Kò Gbà Láti Jókòó

Háà, Ìbídùn! Ṣé ó wá dìgbà náà nìyẹn? Ìwọ tí o kì í kúrò níbì kan láìgba ohun tí o bá wá, báwo ni o ṣe gbà fún ikú wéré báyìí? Inú ń bí mi sí ọ. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí á máa bínú sí òkú, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé n kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú.

Ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn! Aya àtàtà, ìyá rere, olùkọ́ tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ń kí láti ìsàlẹ̀ àdúgbò títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Àwọn yòókù yóò sọ ìyẹn, wọn yóò sì sọ ọ́ dáadáa jù mí lọ. Èmi Ṣàkírà, ọmọ aláró Òṣogbo, tí a jọ gbé yàrá kan náà nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Iléṣà, oṣù kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rántí. Oṣù ààwẹ̀ ni, lọ́dún tí o jẹ́ akọ̀wé ìgbáyégbádùn fún ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́.

Oṣù yẹn kò jẹ́ kí o rójú ráyè. Bí o bá ti fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sí yàrá tán, wọ́n á tún wá pè ọ́ pé àwọn méjì ń jà sí bẹ́ẹ̀dì. Bí o bá ti parí ìjà, wàá gbé ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ sórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Orí ìdúró ni o ti ń jẹun. Ìwọ ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì, tí bàbá rẹ jẹ́ alàgbà, ìwọ lo lọ bẹ ìyá tó ń se oúnjẹ nínú ọgbà pé kó máa fi ògì gbígbóná àti àkàrà pamọ́ de àwa tá à ń gbààwẹ̀. Ìwọ lò ń jí wa fún sààrì, pẹ̀lú orin ìyìn tí ohùn rẹ̀ kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. A sì ń jí, torí kò sẹ́ni tó lè sùn lábẹ́ orin yẹn.

Àárín oṣù náà ni ẹ̀rọ tó ń fa omi sí ilé àwa obìnrin jóná. Kò sí omi ìwẹ̀, kò sí omi àlùwàlá, a wá ń gbé kẹ́ẹ̀gì sọdá títì lọ pọnmi nílé onílé. Ọ̀gá tó ń bójú tó àtúnṣe ní ká máa fara dà á. Ni ọ̀rọ̀ bá dariwo. Ààrẹ ẹgbẹ́ àti àwọn ọmọkùnrin ti ń ṣẹ́ ewé dání, wọ́n ní àwọn máa dí títì pa. Gbogbo wa mọ ibi tí ìyẹn ń já sí. Lọ́dún tó ṣáájú, irú rẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ pa fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn obìnrin kan sì relé tí wọn kò padà mọ́. Bàbá mi ti sọ tèmi sílẹ̀: bí wọ́n bá tún lé wa wálé, mo ti kàwé tán nìyẹn, ilé ọkọ ló kàn. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Níbi ìpàdé, o dìde láàrin ariwo, o ní, "Ẹ fún mi láyè kí n kọ́kọ́ ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, o lọ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá náà, o ká ìró sáàrin ẹsẹ̀, o lóṣòó. Òṣómàáló ni bàbá bàbá rẹ, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tó jẹ́ pé bí ọjọ́ bá pé, ẹnu ọ̀nà ajigbèsè ni wọ́n ń lóṣòó sí títí yóò fi san án. Ní tìrẹ, owó kọ́ lo bá wá. Omi ni.

Àánú rẹ ṣe mí, mo sáré gbé àpótí wá. Ojú tí o fi wò mí! "Ṣàkírà, gbé e kúrò ńbẹ̀! Ṣé o fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni? Ẹni tó bá jókòó ti di àlejò. Ẹni tó lóṣòó ni kì í gbàgbé ohun tó bá wá." Ọ̀gá náà, tí kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ṣe irú àṣìṣe mi. Ó gbé àga tìmùtìmù jáde fún ọ, ó tún bu omi tútù fún ọ mu. O kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ ṣeun, sà. Omi ilé wa ni mo bá wá, sà." O kò fọwọ́ kan ìkankan.

Ibẹ̀ náà lo sọ di ọ́fíìsì. Orí ìlóṣòó lo ti ń parí ìjà yàrá. Àwọn tó rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ọ́, wọ́n sì gbàgbé ewé ọwọ́ wọn. Àwọn àgbà òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń wọlé tọ ọ̀gá lọ: "Ẹ tètè dá ọmọ yìí lóhùn o. Àwọn tó ń ṣe báyìí kì í lọ." Kí ó tó di Jímọ̀, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, omi ẹ̀rọ la fi ṣe àlùwàlá, òun náà la fi ṣínu. O fẹ́ dìde, orúnkún rẹ kọ̀, àfìgbà tí a gbé ọ nílẹ̀ bí ìyá arúgbó. Wọn kò ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Ìwé ẹ̀rí tí mo fi ń jẹun lónìí, orí ìlóṣòó rẹ ni mo ti rí i gbà.

Nígbà tí àìsàn yìí dé, mo wá bá ọ lọ́sibítù ní Òṣogbo. Ọkọ rẹ gbé àga kan fún mi. N kò jókòó. Mo ká ìró mi sáàrin ẹsẹ̀, mo lóṣòó síbi ìgbèrí rẹ, mo ní n kò ní kúrò títí wọn yóò fi dá ọ padà fún wa. O rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò lágbára mọ́. O na ọwọ́, o fi kan àga náà, o ní, "Jókòó, ọmọ aláró. Èyí, wọn ò ní san án."

Mo jókòó, Ìbídùn. Mo jókòó tì ọ́ títí o fi lọ.

Ọkọ wa, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, Ọlọ́run yóò wò yín.

Ó tó, akọ̀wé wa. Gbogbo wa ti rí omi. Má lóṣòó mọ́. Na ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, orúnkún yẹn ti ṣe tó. Sùn re o, ọ̀rẹ́ mi, sùn re.